Omi Tútù Tí Mo Fi Nu Iwájú Orí Ọmọ Mi

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, gbogbo wa wà nílé. Ta ni ò sí nílé nígbà náà? Àjàkálẹ̀ àrùn ti dé, ìjọba sì ti ní kí oníkálukú jókòó sílé rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ń fi máṣíìnì rẹ̀ rán ìbòmú fún àwọn ará àdúgbò. Ó ń rán, ó ń sinmi, ó tún ń rán. Oògùn jẹjẹrẹ ti pá a lórí korodo.

Ọyàn òsì ni jẹjẹrẹ náà wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ló ń lọ sí ọsibítù, wọ́n á so oògùn kọ́ sórí irin, á máa kán wọ iṣan rẹ̀. Ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ni ọjọ́ rẹ̀ pé. Nígbà tó rán ìbòmú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó wọ bàtà, ó mú káàdì pupa tí ọsibítù ń fún aláìsàn jẹjẹrẹ, ó kọrí síta.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn. Mẹkáníìkì ni èyí, ṣùgbọ́n Mo-Gbọ́-Pé la máa ń pè é, torí kò lè la ẹnu kó má sọ pé "mo gbọ́ pé."

"Bọ̀dá mi, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

"Kí o lọ síbo? Mo gbọ́ pé ọsibítù gan-an ni àrùn yẹn ti ń mú èèyàn."

"Ọjọ́ oògùn mi ni òní."

"Oògùn ò ní sá lọ. Jẹ́ kí ìlú rọlẹ̀ ná."

"Ẹ ti bá jẹjẹrẹ sọ ọ́ pé kó rọlẹ̀ ná? Àbí ìjọba ti kéde fún òun náà pé kó jókòó sílé?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní, "Gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré kọ́ ló máa bà á jẹ́." Ó bọ́ bàtà, ó padà sídìí máṣíìnì.

Ó bà á jẹ́ o. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, kókó jẹjẹrẹ tó wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, tó ti ń yọ́ tẹ́lẹ̀, tún le. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi kàn án. N kò lè gbójú sókè wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì náà lórí fóònù. Mo gbọ́ ohùn ẹni tó gbé e: "Ta ló ní kí ẹ má wá? A ò ti ilẹ̀kùn. Ẹ máa bọ̀ lọ́la." Mo-Gbọ́-Pé ṣí àgádágodo. Kò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn.

Ní ẹnu géètì ọsibítù, ọlọ́dẹ kan dúró pẹ̀lú ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn, èyí tí wọ́n fi ń wo ìgbóná ara níwájú orí. Ọkùnrin kan wà níwájú wa tó fi aṣọ di àgbọ̀n rẹ̀ tó wú. Irú káàdì pupa ọmọ mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ké.

"Ara ẹ gbóná. Padà sílé."

"Ọ̀gá, níbí ni mo ti ń gba oògùn jẹjẹrẹ, ẹ wo káàdì mi."

"Mi ò béèrè káàdì. Mo ní padà! Ṣé o fẹ́ kó ràn wá ni?"

Ọkùnrin náà bẹ̀ títí. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó yí padà, ó ń di ògiri mú lọ. Gbogbo àwa tó tò sẹ́yìn ń wò ó. Ohun tí a ṣe ni pé a sún síwájú láti gba àyè rẹ̀.

Wọ́n fún ọmọ mi ní oògùn rẹ̀, a padà sílé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, òtútù mú un láàárọ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ ń jó bí ẹ̀yìn ìkòkò.

"Ọsibítù yá," mo wí.

"Màámi, wọ́n á dá a padà," Mo-Gbọ́-Pé fèsì. "Ṣé ẹ ò rí ti ọkùnrin ìjọ́sí ni?"

Ibẹ̀ ni mo ti lo ọgbọ́n orí mi. Mo bu omi tó ti ń dì nínú fíríìjì, mo ki aṣọ bọ̀ ọ́, mo fún un ní hóró oògùn orí fífọ́ méjì kí ìgbóná náà lè wálẹ̀. Nínú takisí, mo ń fi aṣọ náà nu iwájú orí rẹ̀ láìdúró, títí a fi dé ẹnu géètì, mo wá ki í sínú báàgì mi.

Ọlọ́dẹ gbé ẹ̀rọ sókè. Kò ké. "Ẹ wọlé."

Mo-Gbọ́-Pé ń fẹnu sí mi létí, "Màámi, orí yín pé o!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ẹni tó ń kọ orúkọ béèrè bóyá ara rẹ̀ gbóná. Mo sáré dá a lóhùn: "Rárá o, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni." Wọ́n wá fi wá sí ìparí ìlà. Kí ni wọn ì bá ṣe? Ẹni tó kàn rẹ̀ lásán, ó lè dúró. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan fún wákàtí méjì.

"Màámi, òtútù ń mú mi."

"Dákẹ́, wọ́n á gbọ́."

Ẹ ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ mi ń kú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní kó dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì kan tó sanra, tó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé, ń kọjá lọ. Ó dúró. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú orí ọmọ mi, ó gbé e lé ọrùn rẹ̀.

"Iwájú orí tutù, ọrùn ń jó. Ta ló fi omi nù ún?"

Omi ń kán láti inú báàgì mi sí ilẹ̀, tó, tó, tó.

"Èmi ni," mo wí.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ sin ọmọ yín ni?"

Wọ́n gbé e sáré wọlé. Ó pẹ́ kí nọ́ọ̀sì náà tó jáde wá bá wa, ìbínú rẹ̀ kò sì tíì lọ. Ó ní oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ yẹn máa ń dín ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń ṣọ́ ara kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn oògùn, ara ẹni náà dà bí ilé tí ọlọ́dẹ ti kúrò nídìí rẹ̀. Kòkòrò tí kò ní ṣe èmi ní nǹkan kan lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́.

"Tó bá wá jẹ́ àrùn tó wà nígboro yìí ńkọ́?" Mo-Gbọ́-Pé béèrè.

"Kó jẹ́ òun! Ibí yìí náà ni kí ẹ gbé e wá. A ní yàrá ọ̀tọ̀ fún un, a ní ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ fún àwọn tí ara wọn gbóná. Ẹ kàn ní láti sọ òótọ́ ni."

"Ẹ ní ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀, ọlọ́dẹ yín sì ń lé wọn lójú wa?" Ohùn mi ti lọ sókè. Mo ròyìn ọkùnrin alágbọ̀n wíwú fún un.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sáré lọ sẹ́nu géètì, mo tẹ̀ lé e.

Ọlọ́dẹ ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ mi kọ́, nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ẹni tí ara ẹ̀ bá gbóná, kí n dá a padà. Ta ló bá mi sọ ti káàdì pupa?"

"A kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹni tó ní káàdì pupa gba ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ wọlé!"

Ibo ni ìwé wà? Inú ọ́fíìsì ọ̀gá ọsibítù ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, lókè àga rẹ̀, níbi tí ọlọ́dẹ kò lè dé láéláé. Mo wọ ibẹ̀, mo já a. Ọ̀gá náà ní, "Màmá, ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀." Mo ní kó wá gbà á lọ́wọ́ mi. Mo mú abẹ́rẹ́ mẹ́rin tí ọmọ mi fi ń de aṣọ mọ́ra nínú báàgì rẹ̀, mo fi kan ìwé náà mọ́ pákó ìsọ̀ ọlọ́dẹ, níta gbangba.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lọmọ mi lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Kòkòrò ló wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe àjàkálẹ̀ àrùn rárá. Ó ti padà sídìí máṣíìnì báyìí. Mo-Gbọ́-Pé ti ju àgádágodo nù, ó ń fọwọ́ kó tó wọlé, ó ń lo ìbòmú tí àbúrò rẹ̀ rán fún un. Ó ṣì ń sọ pé "mo gbọ́ pé," ṣùgbọ́n ó ti ń fi "lẹ́nu nọ́ọ̀sì" kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn jẹjẹrẹ nílé, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra yín nítorí àrùn tó wà níta. Ẹ pe ọsibítù, àwọn ni kí wọ́n sọ bóyá kó wá àbí kó sún un síwájú. Kí ẹni tó bá ń sín tàbí tó ń wúkọ́ nínú ilé jìnnà sí i, kí gbogbo ilé máa fọwọ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí òtútù mú un lẹ́yìn oògùn, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ má fi hóró oògùn bò ó mọ́lẹ̀, ẹ má sì fi omi tútù tan ẹ̀rọ jẹ bíi tèmi. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu géètì, kí ẹ sọ ọ́ kíkankíkan: "Ó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, ara rẹ̀ sì gbóná."

Bí wọ́n bá sì ń lé ẹlòmíràn níwájú yín, ẹ má ṣe sún síwájú. Mo ti béèrè ọkùnrin alágbọ̀n wíwú yẹn lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ orúkọ. Kò padà wá.