Apá Tí Àlàní Fi Búra

Èjìká Àlàní dá ṣáṣá lọ́jọ́ tó búra èké. Níwájú gbogbo ẹbí ní Ìbẹ́jú, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ní, "Àníọlá kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi." Tájù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti kú, òkú kò sì lè jiyàn. Bẹ́ẹ̀ ni Àlàní ṣe ta ilẹ̀ ọmọ òrukàn.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí èjìká náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: Àlàní ní Tájù ló di òun lápá mú. Ó sín gbẹ́rẹ́, ó de ìfúnpá, ó sì gbé apá náà pamọ́ sáyà bí ẹyin. Èjìká tí a kò lò, gígan ló ń gan. Kò lè wọ bùbá fúnra rẹ̀ mọ́. Bí ilé bá sì ti dá, ikọ́ tí Tájù máa ń hú kó tó kú ló ń gbọ́ ní pálọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ Ọlákẹ́mi, tó ń tọ́jú oríkèé ara ní Ajah.

"Bàbá, òkú kọ́ ló dì yín mú," ni Ọlákẹ́mi wí. "Oríkèé yín ló gan. Ẹ má gbé e pamọ́ mọ́."

Ó fi aṣọ gbígbóná jó èjìká náà. Ó ní kí Àlàní tẹríba, kí apá náà máa fì síwá sẹ́yìn, kí ó sì máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀ bí alákàn. Ọlákẹ́mi ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ìka náà bá dé.

Ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀, àmì ń gòkè. Lọ́jọ́ tí ìka rẹ̀ kọjá orí rẹ̀, Àlàní kígbe, ó sì jókòó sílẹ̀.

"Ṣé ó dùn yín ni?"

"Kò dùn mí, Dókítà. Ibi tí mo gbé e dé lọ́jọ́ tí mo búra nìyẹn." Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọlákẹ́mi gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Bàbá, èjìká ni mo kọ́ṣẹ́ ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè wẹ èyí tó kù yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ Rẹ̀ kì í di ohun olóhun mọ́wọ́."

Àlàní já ìfúnpá náà dànù. Ó kúnlẹ̀ níwájú ògiri, ó sunkún, ó sì ké pe Jésù.

Ní Sátidé, níwájú ẹbí kan náà, ó gbé ọwọ́ kan náà sókè. "Irọ́ ni mo pa. Ọmọ Tájù ni Àníọlá. Ilẹ̀ tèmi tó kù, tirẹ̀ ni."

Àníọlá ń wo ọwọ́ náà, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Àlàní kò gbọ́ ikọ́ mọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, èjìká rẹ lè má ro ọ́ rárá. Ta ló ń húkọ́ ní pálọ̀ rẹ nígbà tí ilé bá dá? Ọlọ́run rí ọwọ́ tí o gbé sókè sí èké. Má ṣe gbé e pamọ́ títí yóò fi gan. Na ọwọ́ náà sí Jésù lónìí, nígbà tó ṣì ṣeé nà.