Tíṣà, Iná Ti Lọ

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sọ́nà jíjìn, ẹ gbé àpótí yín wá. Ọbẹ̀ ti wà lórí iná, ẹnikẹ́ni ò ní fi ebi lọ sílé lónìí. Ẹ bá mi gbe orin yìí, ẹ ó kàn máa sọ pé "kò wá."

*Òpó ọparun, yí sọ́tùn-ún — kò wá.*
*Yí sósì, kó o tún dúró — kò wá.*
*Àwòrán tí bàbá fẹ́ẹ́ wò — kò wá.*
*Kò wá, kò wá, kò tíì wá.*

Ẹ ṣeun. Orin Folúkẹ́ nìyẹn.

Orí àga ni Akínyẹlé, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gun alùpùpù kọjá, ti kọ́kọ́ rí i. Àga ọ̀hún wà lórí tábìlì, tábìlì fara ti ògiri, Folúkẹ́ sì dúró téńté lókè gbogbo rẹ̀. Ó ká ìró dé orúnkún, ó fi apá méjèèjì gbá òpó ọparun kan mọ́yà bí ẹni ń bá ọkọ rẹ̀ jó. Eríálì tẹlifíṣọ̀n ló wà lórí òpó. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń dán lára òógùn ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, òkúta Olósùnta dúró gbagidi, òun náà ló ń dínà mọ́ àwòrán tó fẹ́ẹ́ wọ Ìkẹ́rẹ́.

Bàbá kan ń pariwo nínú ilé. "Ó ti dé! Ó ti dé! Áà, ó ti lọ! Folúkẹ́, kí lo fọwọ́ kàn?"

"Bàbá, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Òkúta yìí ni kẹ́ ẹ bá wí!"

Akínyẹlé dá alùpùpù rẹ̀ dúró. "Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́ n bá yín dì í mú."

Folúkẹ́ wò ó láti òkè. Ó rí àpò ìdọ̀họ tó wà lẹ́yìn alùpùpù, tí orí kùmọ̀ yọ síta nínú rẹ̀. "Olóṣèlú wo lẹ ń bá ṣe jàgídíjàgan?"

"Tíṣà ni mí, ní Ìsẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé mi ló ń fi gbá bọ́ọ̀lù."

"Igi ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìsẹ̀? Ẹsẹ̀ ń dùn yín níbẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá nínú ilé. Bàbá jáde wá, ó fọwọ́ tọ ògiri. Matthew Fámúrewá ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Amẹ́ríkà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó na ọwọ́, Akínyẹlé gbé kùmọ̀ kan lé e. Bàbá fi àtàǹpàkò pa á lára, ó ya ẹsẹ̀, ó gbé igi náà sí èjìká bí ọmọkùnrin.

"Bésíbọ́ọ̀lù," ló wí, bí ẹni pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Wọlé, ọmọ mi. Ulé rẹ rèé."

Ẹ jẹ́ n là á fún yín. Bàbá yìí ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó ń fọ ilé ìwòsàn fún wọn. Ìyàwó rẹ̀ lọ bá a níbẹ̀, wọ́n fi Folúkẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Tí iṣẹ́ bá parí, tọkọtaya á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n wọn, wọ́n á máa wo bésíbọ́ọ̀lù. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan á fi igi gbá a, á sì sá yípo padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó kú sọ́hùn-ún, wọ́n sin ín sọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, bàbá padà wá pẹ̀lú ojú tó ń ṣókùnkùn. Dókítà l'Ádòó ti sọ fún un pé kò ní pẹ́ mọ́ tí ojú náà yóò fi kú pátápátá.

"Mo fẹ́ rí eré yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú yìí tó kú," bàbá sọ fún Akínyẹlé. "Ibẹ̀ ni mo ti ń rí ìyá Folúkẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ kí n rí i, ohun tó bá tọrọ nínú ulé yìí, mo fún un."

Akínyẹlé wo Folúkẹ́. Folúkẹ́ wo ilẹ̀. Ó ti mọ ohun tí tíṣà fẹ́ tọrọ.

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Lọ́jọ́ Sátidé, Akínyẹlé á yí òpó níta, Folúkẹ́ á dúró lójú fèrèsé, á máa pàṣẹ.

"Sọ́wọ́ òkúta díẹ̀, Tíṣà."

"Ṣé mo ti rẹwà tó níbẹ̀ yẹn?"

"Àwòrán ni mò ń wò, kì í ṣe ìwọ."

"Irọ́ lò ń pa, olólùfẹ́ mi. Àwòrán ò sí, èmi nìkan ló kù tó o lè wò."

Folúkẹ́ á rẹ́rìn-ín, á fi ojú pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé.

Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n wa! Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi hàn. Àwọn òyìnbó oníhòòhò tó ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀, wọ́n ń fi hàn. Ẹni tó ń gé rìbọ́n níwájú kànga, ojoojúmọ́ ni. Bésíbọ́ọ̀lù, rárá. Akínyẹlé lọ bẹ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan. Ọ̀gá ibẹ̀ ò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

"Ta ló ń wo nǹkan yẹn?"

"Bàbá kan wà ní Ìkẹ́rẹ́, sà. Ojú rẹ̀ ń lọ."

"Bàbá kan péré?"

Akínyẹlé ò yé lọ, wọn ò yé lé e. Nígbà tó yá, ó sú wọn, wọ́n ní kó máa retí ọ̀sán Sátidé. Bàbá wọ kóòtù. Folúkẹ́ dín ẹ̀pà. Wọ́n jókòó. Kí ló jáde? Ayẹyẹ ìṣílé ìjọba, àwọn tó ń kí ara wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n tún ṣèlérí Sátidé mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí ó jáde! Pápá tútù yọ̀yọ̀, ọkùnrin kan dúró láàárín rẹ̀ pẹ̀lú fìlà, ó gbé ọwọ́ sókè láti ju bọ́ọ̀lù. Bàbá dìde. Ọwọ́ yẹn ò tíì sọ̀kalẹ̀ tí wọ́n fi gé e, tí wọ́n gbé ìkéde òkú wọlé.

Ọwọ́ tó lọ sókè tí kò sọ̀kalẹ̀. Ìyẹn ló kẹ́yìn nínú ohun tí bàbá rí lórí tẹlifíṣọ̀n láyé. Kí ọyẹ́ tó dé, ojú rẹ̀ ti kú.

Síbẹ̀ kò yé béèrè. "Folúkẹ́, ṣé wọ́n ti fi í hàn? Bí wọ́n bá fi í hàn, ẹ máa sọ ọ́ fún mi." Ọkàn ọmọbìnrin náà gbọgbẹ́. Ó fa Akínyẹlé sí ẹ̀yìnkùlé.

"Sọ pé wọ́n ń fi í hàn. Ìwọ mọ eré yẹn, máa sọ ọ́ bí ẹni ń wò ó."

"Folú, irọ́ nìyẹn."

"Inú rẹ̀ á dùn, á sì fọwọ́ sí tiwa. Ṣe é nítorí mi."

Ó ṣe é. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú, fáànù ń yí lókè orí wọn, tẹlifíṣọ̀n ń hó ṣáá bí òjò lórí páànù. Akínyẹlé ń sọ̀rọ̀: "Ó jù ú! Ó gbá a! Bọ́ọ̀lù ń fò, bàbá, ó ń fò!" Bàbá ń pàtẹ́wọ́. Ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Janet, ṣó o rí i?" Folúkẹ́ ń sunkún ayọ̀ lójú fèrèsé.

Ìgbà yẹn gan-an ni fáànù rọra dúró. Ariwo tẹlifíṣọ̀n kú. Àwọn ọmọdé àdúgbò figbe ta: "Hóò! NẸ́PÀ!"

Eré ti wọ Akínyẹlé lára, kò gbọ́. "Ó ń sáré o! Ó ti yípo dé ibùdó kejì! Bàbá, ó fẹ́ẹ́ délé!"

Bàbá ò pàtẹ́wọ́ mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé itan.

"Tíṣà," ló wí jẹ́jẹ́, "iná ti lọ."

Bàbá nàka síbi tí ohùn rẹ̀ ti ń jáde.

"Mo fọ́jú, mi ò yadi, mi ò dití. O jí ìyàwó mi dìde láàárín òkú, o wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Jáde."

Akínyẹlé wo Folúkẹ́. Folúkẹ́ yí ojú sí fèrèsé. Akínyẹlé dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Èmi ni mo ṣe é." Ó sì lọ.

Ilé yẹn korò lẹ́yìn ìyẹn bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Bàbá ò jẹun dáadáa. Folúkẹ́ ń yí òpó láìsí ohun tó ń wá. Níkẹyìn ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo ní kó parọ́. Ó kọ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó bá mi ru ẹ̀bi náà ni."

Bàbá kọjú sí i. "Ó bá ọ rù ú, o sì jẹ́ kó máa rù ú lọ?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sọ́dọ̀ mi, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tún bínú lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàbá lára ju tẹlifíṣọ̀n lọ. Ó wá orí ọmọ rẹ̀ nínú òkùnkùn ojú rẹ̀, ó fọwọ́ lé e. "Mú mi lọ sí Ìsẹ̀," ló wí.

Wọ́n bá Akínyẹlé lórí pápá iléèwé, àwọn ọmọ ń gbá bésíbọ́ọ̀lù wọn. Wọ́n gbé àga fún bàbá lábẹ́ igi máńgòrò. Akínyẹlé dọ̀bálẹ̀.

"Jókòó tì mí," bàbá ní. "Máa sọ ohun tó o rí."

*Kọ́!* Igi bá bọ́ọ̀lù. Bàbá dẹtí sí i. "Ibo ló bọ́ sí?"

Akínyẹlé wo ọ̀nà tó gbà. "Oko ẹ̀gẹ́, bàbá. Wọ́n ń wá a. Ẹni tó gbá a sá gba ọ̀nà òdì. Wọ́n ń bá a jà. Bàbá, kí n má parọ́, wọn ò mọ̀ ọ́n gbá rárá."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú tí kò ríran. "Òótọ́ nìyẹn! Òótọ́ nìyẹn! Tíṣà, kí lo fẹ́ tọrọ nínú ulé mi?"

"Bàbá, mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí i."

"Tẹlifíṣọ̀n ni kò jẹ́ kí n rí i. Mo ní kí lo fẹ́?"

"Folúkẹ́ ni, sà."

"Ó gbọ́ ọ. Folúkẹ́, ṣé o fẹ́?"

"Tó bá lè máa bá mi yí òpó," Folúkẹ́ ní, ó ń nu ojú.

"Títí apá mi á fi wọ́, ìfẹ́ mi."

Wọ́n ṣègbéyàwó nígbà tí iṣu tuntun jáde. Bésíbọ́ọ̀lù ò jáde lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn títí bàbá fi sùn tí kò jí mọ́, ó sì dùn mí wọra, mi ò ní pa á mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ni bàbá wà lábẹ́ máńgòrò, tí àna rẹ̀ ń sọ òótọ́ fún un.

*Tíṣà, sọ ọ́ fún mi — mo gbọ́.*
*Bó dùn, bó korò, sọ ọ́ — mo gbọ́.*
*Ọwọ́ tó lọ sókè ti wá sọ̀kalẹ̀ — mo gbọ́.*

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn, uyán ò tán nínú odó, ẹran ò tán nínú ìkòkò. Ará Ìkẹ́rẹ́ yó, ará Ìsẹ̀ yó, àwọn ọmọ tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá di ẹran sápò lọ sílé. Tiyín náà ti jinná. Ẹ fọwọ́, ẹ wá jẹun.