Àga Tí Kò Fẹ́ Tìmùtìmù

Ẹ mí.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, oníbàárà mi, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí. Bẹ́ẹ̀dì yín ti parí, òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn. Bí mo bá ń já ọ̀rọ̀ mi sí méjì, ẹ ṣe sùúrù fún mi, ọ̀fun ló ń dùn mí.

Ọ̀gá wa lẹ̀ ń wá, àbí? Ọkùnrin jẹ́jẹ́. Ọwọ́ ẹ̀ mọ igi, àmọ́ apá ẹ̀ ò ká wa. Tó bá ní ká gé pákó, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la ó kọ́kọ́ sọ tán. Àbúrò mi ló burú jù. Ojú ọ̀gá ló ti máa ń sín in jẹ, a ó sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Ó dun ọ̀gá wọ akínyẹmí ara.

Ìgbà yẹn ni bàbá kan gbé àga tó ti ya wá fún àtúnṣe. Bó ṣe ń rìn bọ̀, èérún igi tó wà nílẹ̀ ò ró lábẹ́ bàtà ẹ̀. Káfíńtà to ẹsẹ̀ àga náà pọ̀, àbúrò mi fi sáńpépà ha á, ẹni tó ń kun igi kùn ún. Èmi tí mò ń rán aṣọ àga mú téèpù, mo fẹ́ wọn tìmùtìmù ẹ̀. Ọwọ́ mi ò tíì kan àga náà tí bàbá náà fi dá mi lọ́wọ́ kọ́.

"Má ṣèyọnu, ìyá. Ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ ò ní sinmi."

Ó wá rọra sọ fún ọ̀gá pé, "Fi àga yìí ṣe tìẹ. Orí ẹ̀ ni kó o ti máa pàṣẹ. Gbogbo ọwọ́ tó ti kàn án, ohun tó o bá ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n á ṣe."

Ẹ mí. Ẹ ṣeun.

Ọ̀gá jókòó, ó ní, "Ẹ dákẹ́." Ibí pa lọ́lọ́. Háà, ẹ ò rí ẹ̀rín ojú ẹ̀! Iṣẹ́ wá ń yá, èmi gan-an yìn ín. Àfi ìgbà tí mo rí eṣinṣin tó ń rìn lórí ẹyinjú àbúrò mi, tí kò sì ṣẹ́jú. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó kàn ń wò ó. Ọ̀gá ní, "Jẹun." Ó fi sẹ́nu, kò gbé e mì. Ọ̀gá tún ní, "Gbé e mì." Àṣé ohun tí kò bá ti sọ, wọn ò ní ṣe é. Nígbà tó yá, ó di pé kó máa sọ fún wọn kí wọ́n tó mí.

Ọ̀gá ò wá lè dìde lórí àga mọ́. Lọ́sàn-án àná, mo rí i tí ẹnu ẹ̀ ń ṣí, tí ohùn ò jáde. Mo bojú wẹ̀yìn, ètè àbúrò mi ti ń dúdú. Ọmọ ìyá mi! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo ti ọ̀gá ṣubú, mo jókòó, mo lọgun, "Ẹ mí!" Gbogbo wọn mí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá fi orúnkún rá jáde, kò wẹ̀yìn.

Ẹ mí.

Ẹ ní kí n tú wọn sílẹ̀? Mo ti dán an wò. Mo ní, "Ẹ ṣe ohun tó bá wù yín." Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí. Kò sí ohun tó wù wọ́n mọ́. Àbúrò mi tó ń sín gbogbo ayé jẹ! Mo ní kó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí, kíá ni mo ní kó dákẹ́.

Ẹ gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń lọ. Ẹ̀yin ò kúkú fọwọ́ kan àga yìí rí, ohùn yín sì le dáadáa. Ẹ bá mi jókòó síbí, ẹ jọ̀ọ́, kí n kàn fi omi sọ́fun. Ẹ má wo ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo ní kí káfíńtà tì í bẹ́ ẹ ṣe wọlé.

Ẹ yára. Látìgbà tí mo ti ń bẹ̀ yín, wọn ò tíì mí.