Ìwé Àyẹ̀wò Tó Jáde Níwájú Èrò

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, èrò ti kún orí bẹ́ǹṣì ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun méjì. Ọ̀kan wà ní yàrá àyẹ̀wò, èkejì wà níbi tí èrò ń jókòó sí. Láti orí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, èèyàn lè rán ìwé sí wọn láìsí wáyà.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì yéé ya Zulaihat lẹ́nu, ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn.

"Èmi jókòó síbí, ìwé ń jáde lẹ́yìn ògiri! Ọlọ́run fún ọmọ aráyé lọ́gbọ́n o."

Láàárọ̀ yẹn, ó fẹ́ tẹ èsì àyẹ̀wò HIV ti Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́yẹlé jáde, ọmọ Àkókó kan tó jẹ́ tíṣà ní Ọ̀wọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ mú un ní yàrá àyẹ̀wò. Kò rí nǹkan kan. Ó padà, ó tún un tẹ̀.

Níbi tí èrò jókòó sí, Àlàájà Qudirat, oníṣòwò aṣọ, ń dúró kí wọ́n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lójijì, ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kùn, ìwé sì yọ jáde. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn án.

"Sùbùhánállàhì! Ta ló ń tẹ eléyìí?"

Ìkejì tún jáde. Ọkùnrin kan na ọwọ́ láti mú un, ṣùgbọ́n Àlàájà ti rí orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́yẹlé, aládùúgbò rẹ̀, lókè ìwé. Ó gbá ọwọ́ lé méjèèjì, ó da ojú wọn dé, ó fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ híjáàbù rẹ̀.

"Àlàájà, kí ló wà níbẹ̀?"

"Kì í ṣe tìrẹ, kì í ṣe tèmi."

Ó gbé wọn lọ bá Zulaihat.

"Mà, ṣé ẹ kà á?"

"Orúkọ nìkan ni mo rí, ọmọ mi. Ojú mi kò kọjá ibẹ̀."

Zulaihat pe Àǹtí Dùnsìn, tó so àwọn ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀kadà ló gbé e dé. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó mi orí.

"Orúkọ kan náà ni mo fi sílẹ̀ fún méjèèjì. Èyí tó wà níwájú èrò ni kọ̀ǹpútà rẹ ń mú. Ẹ̀bi mi ni."

Ó sọ ọ̀kan ní "Yàrá Àyẹ̀wò", ó sọ èkejì ní "Iwájú Èrò", ó sì yọ èkejì kúrò lórí kọ̀ǹpútà Zulaihat. Ó tún fún un ní nọ́ńbà àṣírí tí yóò máa tẹ̀ sára ẹ̀rọ kí ìwé rẹ̀ tó lè jáde.

"Ó yá, tẹ̀ ẹ́ wò."

Zulaihat tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dé yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀rọ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sára ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ kùn, ìwé gbígbóná bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ kò lè pa dé.

"Àǹtí, ṣé pé ó ń dúró dè mí ni?"

"Ìwọ nìkan ló ń dúró dè."

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́yẹlé dé lọ́sàn-án, Zulaihat ti ilẹ̀kùn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà gba ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù Àlàájà, ó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

"Dìde, jàre," ni Àlàájà wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Kò bi í ní ohun mìíràn. Àwa náà kò ní sọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló dà bíi ti Àlàájà. Ẹ wo orúkọ ẹ̀rọ kí ẹ tó tẹ̀wé. Bí ìwé kò bá jáde, ẹ má tún un tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó lọ. Ẹ ní kí ẹni tó so ẹ̀rọ yín fi nọ́ńbà àṣírí sí i, kí ẹ má sì sọ nọ́ńbà náà fún ẹnikẹ́ni. Àṣírí aláìsàn, ẹrù ọrùn yín ni.