Ìkòkò Ọdún Mẹ́tàlélógójì àti Tíṣù Orí Tábìlì Kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Láàárọ̀ Sátidé tí ìkòkò Ìyá Geok Choo pòórá, igbe tí obìnrin náà ké gbọn òrùlé gbàgede olóúnjẹ Lorong Kemuning ní Singapore, àwọn ẹja inú gíláàsì ní ìsọ̀ kejì sì sá wọ abẹ́ òkúta. "Wọ́n ti gbé ìyá mi lọ," ló ń wí ṣáá. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé òkú ni wọ́n jí.

Ọbẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ló gbé e kaná ní ọdún mẹ́tàlélógójì sẹ́yìn, omi dúdú olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń se pẹ́pẹ́yẹ, wọn ò sì dà á nù rí láti ọjọ́ náà. Bó bá ti ń fà, wọn a bu omi àti èròjà sí i, wọn a mú un hó láàárọ̀, wọn a tún mú un hó nírọ̀lẹ́. Ìyá kú, ọbẹ̀ ò kú. Ìlà tó máa ń wà níwájú ìsọ̀ náà gùn débi pé àpọ́n ni àwọn kan máa ń jẹ́ tí wọ́n bá bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n tó dé iwájú, wọ́n á ti bí ìbejì. Wọ́n ní òkú kan tí wọ́n ń gbé kọjá nítòsí ibẹ̀ ṣíjú nínú pósí, ó béèrè bóyá pẹ́pẹ́yẹ ṣì kù.

Nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ Vasuki Rengasamy dé ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn èrò ti bá a mú olè. Vasuki jẹ́ obìnrin Támílì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, imú rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ ẹlẹ́ja lọ. Ó gba àárín wọn kọjá, ó bá ọkùnrin kan tó sanra dáadáa tó jókòó sórí àpótí onítáyà ńlá, ẹ̀rù ń bà á, ó ń làágùn.

Rodel Macaraig lorúkọ rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì láti Manila. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló wá lò, kò sì bá ohun méjì wá ju ẹnu àti ikùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló ti jẹ pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Geok Choo láti Ọjọ́bọ. Lánàá, ó kúnlẹ̀ níwájú ìsọ̀, ó ní kí wọ́n bu ìwọ̀nba ọbẹ̀ náà fún òun kí òun gbé e lọ fún ìyá òun. Ìdí tí wọ́n ṣe dì í mú nìyẹn, àti nítorí pé òórùn ọbẹ̀ náà ń jáde lára àpótí rẹ̀.

"Màdáámù, mo jẹ ẹ́, mi ò jí i," ni Rodel wí. "Àjò kì í dùn kónílé má relé. Agogo mẹ́rin ni bàálù mi ń gbéra. Ẹ dákun, ẹ yẹ àpótí mi wò."

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Jáàmù àgbọn ìgò mọ́kànlá ni wọ́n bá, ẹran gbígbẹ, odindi pẹ́pẹ́yẹ kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé, àti ṣòkòtò kan ṣoṣo. Kò sí ìkòkò. Àwọn èrò ní ó ti gbé e pamọ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Vasuki kọjú sí ìyá arúgbó náà, ó ní kó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Geok Choo, tó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, fi etí aṣọ nu ojú.

"Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo mú un hó kẹ́yìn. Láàárọ̀ yìí, mo ní kí n lọ gba pẹ́pẹ́yẹ nísàlẹ̀ ná kí n tó tanná. Agogo mẹ́jọ ni mo lọ, mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo dé. Bí kò bá rí iná kó tó di ọ̀sán gangan, nínú ooru yìí, á kan. Bó bá kan, ìyá mi kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, ọmọ mi."

Ọkùnrin kúkúrú kan dúró tì í, ó ń rọra gbá a lẹ́yìn. Phua Teck Hin ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi bá a gé pẹ́pẹ́yẹ kó tó lọ ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀ sínú ilé ìtajà ńlá tó wà lódìkejì títì. Ibẹ̀ mọ́, ó tutù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ pẹ́pẹ́yẹ ibẹ̀ á rò pé òun ń jẹ páálí tó kàwé dé yunifásítì.

"Èéfín nìwà, Màdáámù, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀," ni Phua wí. "Imú yín ò gbóòórùn tó wà lára àpótí yẹn ni?"

Vasuki bi í níbi tó wà nígbà tí ìkòkò sọ nù. Ó ní tábìlì kẹtàdínlọ́gbọ̀n lòun jókòó sí láti agogo méje ààbọ̀ títí ariwo fi sọ, òun nìkan, òun ń jẹ núdù ẹja. Bàbá Seah, tó ń ta kọfí tó dúdú débi pé ṣíbí tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ní láti tan tọ́ọ̀ṣì kó tó jáde, jẹ́rìí sí i. Èèyàn mẹ́rìnlá ló bá a jẹ́rìí. Phua ní kí wọ́n jọ̀wọ́ òun, òun fẹ́ lọ wo ṣọ́ọ̀bù òun, ó sì lọ.

Àwọn ọlọ́pàá wá gbogbo ìsọ̀ àti gbogbo kọ̀rọ̀. Agogo mọ́kànlá lù kí wọ́n tó rí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó àwo ìdọ̀tí lẹ́nu ọ̀nà tó kọjú sí títì. Omi dúdú kán sórí rẹ̀ níbì kan. Vasuki tẹ imú mọ́ ọn: ọbẹ̀ náà ni, kò sì tíì kan. Ẹni tó jí ọbẹ̀ yìí mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ rí iná kó tó di ọ̀sán. Kẹ́túlù kan ló wà ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì Rodel, èèyàn ò sì lè fi kẹ́túlù se ọbẹ̀ inú ìkòkò tí ọmọ erin lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀.

Àwọn èrò kọ̀. Zaiton, obìnrin tó ń palẹ̀ àwo mọ́, ní ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ò lè ṣe kó má jalè. "Mo fojú mi rí i, Màdáámù. Ó jókòó sórí tábìlì tí wọ́n ti fi tíṣù gbà, ó wá mú tíṣù onítíṣù, ó fi nu ẹnu."

Ní Singapore, ẹni tó bá ti fi tíṣù lé orí tábìlì ti gba ibẹ̀ nìyẹn, ẹlòmíì ò gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wọ́n ju ti ìkòkò lọ. Rodel sorí kọ́ bí ẹni tó pààyàn.

"Ó jẹ́ òótọ́," ló wí. "Mo rò pé ìjọba ló gbé e síbẹ̀ fún àlejò."

"Tábìlì wo?" ni Vasuki béèrè.

"Èyí tó wà lábẹ́ fáànù tó ń ké bí ewúrẹ́ yẹn."

Tábìlì kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni. Rodel ní agogo mẹ́jọ kù díẹ̀ lòun ti jókòó síbẹ̀, ibẹ̀ ni òun sì wà títí ariwo fi sọ, ẹnì kankan ò bá òun jókòó. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ̀rá tíṣù náà jáde, torí pé kò rí ibi dà á nù sí. Wọ́n tẹ orúkọ ilé oúnjẹ Phua sára rẹ̀ gàdàgbà.

Vasuki padà sọ́dọ̀ Bàbá Seah. "Bàbá, ojú Phua lẹ rí?"

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo rí. Ó tẹ orí ba abọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni?"

Bàbá Seah wò ó bí ẹni pé ó béèrè bóyá omi máa ń tutù. "Mo rí i nígbà tó fi tíṣù ẹ̀ lélẹ̀ ní méje ààbọ̀. Ta ló tún máa jókòó síbẹ̀?"

Ó ku ìṣẹ́jú márùndínlógún kí agogo méjìlá lù. Vasuki sáré la títì kọjá, Geok Choo tẹ̀ lé e, Rodel ń wọ́ àpótí lẹ́yìn wọn, èrò tó kù sì pọ̀ débi pé iná pupa fúnra rẹ̀ yà fún wọn. Wọ́n bá ilẹ̀kùn Phua ní títì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò ṣí lónìí. Phua yọ orí, ó ní alásè òun ń ṣàìsàn, ààrò tutù.

"Ààrò tutù, èéfín wo ló wá ń gba ojú ihò atẹ́gùn jáde yẹn?" ni Vasuki bi í.

"Màdáámù, mo ní ẹlẹ́rìí mẹ́rìnlá."

"Tíṣù rẹ ni wọ́n rí. O mọ̀ pé ní ìlú yìí, bí ilé ń jó, a ò ní jókòó síbi tí tíṣù ẹlòmíì wà. O gbé e kalẹ̀ kó máa bá ọ jókòó, o wá lọ fi kẹ̀kẹ́ àwo gbé ìkòkò. Gbogbo wa lo mọ̀, Phua. Àlejò nìkan ni o ò rò mọ́ ọn. Ọkùnrin yìí jókòó sórí àga rẹ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó fi ẹlẹ́rìí rẹ nu ẹnu. O sì ní ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀. Ìwọ náà lo sọ pé èéfín ò ṣeé bò mọ́lẹ̀."

Wọ́n wọlé. Ìkòkò náà wà lórí iná tó ń jó lala, wáyà tí olóògbé ìyá Geok Choo fi so etí rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ọbẹ̀ sì ń hó kùtùkùtù. Geok Choo fi ṣíbí kán an sọ́wọ́, ó tọ́ ọ wò, ó dijú.

"Ìyá mi nìyí," ló wí.

Phua wolẹ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi sìn yín. Ẹ ò bu ṣíbí kan fún mi rí."

"O ò béèrè rí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì yìí béèrè, ó sì kúnlẹ̀."

Wọ́n gbé Phua lọ sí tésàn, wọ́n gbé ọbẹ̀ padà sílé. Kò sí ọba tí wọ́n gbé kọjá títì rí tó rí irú ìyẹn. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e, mọ́tò ń fun fèrè, Bàbá Seah ń jó níwájú pẹ̀lú ife kọfí méjì láìda ẹ̀kán kan sílẹ̀. Rodel jẹ pẹ́pẹ́yẹ ẹlẹ́ẹ̀keje láìtò sí ìlà. Ó jẹ jáàmù ìgò kan tán lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi bu ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ sí.

Nígbà tí Rodel kọjá lọ sí pápá bàálù, Geok Choo mú tíṣù tuntun kan, ó gbé e sórí tábìlì kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Vasuki bi í pé ta ló gba ibẹ̀ sílẹ̀ fún.

"Rodel. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

Gbàgede kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ò gbèrò. Vasuki, tí kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀, dúró ti àga òfìfo náà pẹ̀lú àwo pẹ́pẹ́yẹ gbígbóná lọ́wọ́. Ó wo àga, ó wo tíṣù, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Lẹ́yìn náà, ó jẹun rẹ̀ lóòró.