Ẹ̀rín Ìyá Ọkọ

Obìnrin náà ti wọlé kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà. N kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, n kò ní bá a jà.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, jókòó síwájú dígí nínú yàrá ìmúra, mo ń bá wọn de irun ewú mọ́ orí. Eré ìdágbére wọn ni lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Láti ìgbà ọmọge ni wọ́n ti ń ṣe ìyá arúgbó nínú eré olórin. Wọn kò ṣe ìyàwó rí. Wọn kò kọ orin ìfẹ́ rí. Ìyá Ọkọ ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, nítorí ẹ̀rín kan tí wọ́n máa ń rín bí orin bá dákẹ́. Ẹ̀rín gígùn ni. Á ṣẹ́ láàárín, á tún dìde. Nítorí rẹ̀ làwọn èèyàn ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Olùdarí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú lọ ni. "Ìyá Ọkọ, ẹ rọra pa wọ́n lẹ́rìn-ín o. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n rà, wọn ò ra pósí."

Àǹtí ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí wọ́n rí obìnrin náà nínú dígí. Ojú wọn yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ògiri kan ló wà láàárín yàrá tèmi àti tìrẹ nígbà yẹn," obìnrin náà wí. "O rántí?"

"Mo rántí, mà."

"Ọkọ mi kú lánàá. Gbogbo ilé ń sunkún. Èmi nìkan ni mo jókòó bí igi. Àwọn ẹbí ẹ̀ ti ń wò mí. Wọ́n ní àfi tó bá jẹ́ èmi ni mo pa á."

Ó la ẹnu bí ẹni tó ń ké. Kò sí ohùn. Ojú rẹ̀ gbẹ. Fáànù òkè rọra dúró.

"Ẹkún mi ni mo wá gbà."

N kò lóye. Mo wo Àǹtí. Wọ́n tẹrí ba.

"Alẹ́ tí ọmọ wọn kú ni," wọ́n sọ fún mi, bí ẹni tí wọ́n ká ẹrù olè mọ́ lọ́wọ́. "Mo gbọ́ igbe wọn lára ògiri. N kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo fi kọ́ra níwájú dígí títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo wá sọ ọ́ dẹ̀rín."

"Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ," obìnrin náà wí. "Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọ. Láti ọjọ́ yẹn, n kò rí ẹkún mi sun mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fi ṣe tòní. Èrò ti jókòó."

"O mọ̀ ọ́n tọrọ báyìí." Ó yí padà, ó jáde.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé. Àǹtí kọrin, orin dákẹ́. Èrò na ọrùn. Àǹtí la ẹnu, iṣan ọrùn wọn dìde.

Ẹ̀rín náà dún. Ó gùn, ó ṣẹ́, ó tún dìde.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń lu orúnkún. Èmi náà di ikùn mú. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé Àǹtí ti pa ẹnu dé.

Ohùn náà kò dáwọ́ dúró. Ìlà iwájú ló ti ń wá. Obìnrin náà ló jókòó níbẹ̀, omijé ń ro láti àgbọ̀n rẹ̀ sí àyà. Orúkọ ọkùnrin kan ló ń pè nínú igbe náà. Bó ti ń pè é làwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ dákẹ́. Mo fi eyín deyín. Ẹ̀rín ṣì ń gba imú mi jáde.

Nígbà tí aṣọ ìkélé fi máa wálẹ̀, ìjókòó náà ti ṣófo.

Olùdarí sáré wá. "Ìyá Ọkọ, tòní ló dáa jù láyé yín. Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

Àǹtí wò ó. Wọ́n wá wo èmi.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n bá yín tú irun," mo wí. N kò lè gbójú sókè.

Wọ́n mú báàgì wọn. Wọ́n gba ẹ̀yìn jáde sínú oòrùn pẹ̀lú aṣọ eré lọ́rùn àti irun ewú lórí.