Ọ̀pá Tí Róòsì Funfun Náà Gùn

Òdòdó róòsì tí a gbìn sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkàrẹ́ kò ta sánsán bí òdòdó. Kàfúrà ló ń rùn, kàfúrà tí a fi ń wẹ òkú. Mo sọ ọ́ nínú ilé, wọ́n ní imú mi ló ń yọ mí lẹ́nu, pé òórùn aṣọ tuntun tí mò ń gé láti àárọ̀ dalẹ́ ló ti bà á jẹ́. Ẹni tó bá ti bá wọn jókòó nídìí òkú rí kò lè ṣi kàfúrà mọ̀.

Télọ̀ ni mí. Ojú mi mọ gígùn ènìyàn ju bí ó ti mọ orúkọ wọn lọ. Bí obìnrin kan bá ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, kí ó tó kí mi tán ni mo ti mọ iye yáàdì tí yóò gbà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ yìí nínú gbogbo ilé Abọ́dẹrìn. Ì bá wù mí kó jẹ́ ẹlòmíràn.

Bùsàrí, bàbá ọkọ mi, ló kọ́kọ́ kú. Ọkùnrin gíga ni. Ó ní láti tẹ orí ba kó tó wọ mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Nígbà tí wọ́n wẹ̀ ẹ́ tán, tí wọ́n fi kàfúrà sí i lára, tí wọ́n sì wé e ní aṣọ funfun, Alfa Yínúsà fi ọparun kan wọ̀n ọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gé e síbi tí gígùn Bàbá mọ, ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gbẹ́ sàréè kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò gbẹ́ ẹ dé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé wa nìyẹn. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán, wọ́n á dá ọ̀pá náà sí méjì, wọ́n á fi í sínú sàréè ti ẹni tó ni ín. Ọ̀pá tó bá ti wọn òkú kì í padà wálé.

Ti Bàbá padà wálé. Òjò ńlá bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀ bò ó, oníkálukú sá. Ẹnìkan kó ọ̀pá náà pọ̀ mọ́ ṣọ́bìrì àti ọkọ́, ó fi gbogbo rẹ̀ ti ògiri ẹ̀yìnkùlé wa. A kò mọ ẹni náà títí dòní.

Fọlákẹ́, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀pá. Ọmọ Ìfira ni, inú ìdílé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí i sí, ọ́fíìsì kan ní yunifásítì Àkùngbá ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí a ti ń bá a fi àdúrà wá a kiri. Limota ni a sọ ọ́. Ọmọ náà fẹ́ràn òdòdó ju oúnjẹ lọ, nítorí rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe yà sọ́dọ̀ Pius tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Ọ̀kà, tó sì ra róòsì funfun kan, irú èyí tó máa ń fà gun igi bí iṣu. Pius ní ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ló ń tanná lọ́dún.

“Ẹ máa gé èyí tó bá ti rọ,” ó wí fún un. “Bí ẹ bá ti gé e níbi kan, ibòmíràn ló máa gbà yọ.”

Fọlákẹ́ gbìn ín. Ó wá igi tí yóò gùn, ó sì rí ọparun tó gún régé lára ògiri. Ta ni yóò sọ fún un? Èmi náà rí i níbi tó ti ń rì í mọ́lẹ̀, mo tilẹ̀ yìn ín pé igi náà dára. Àwa obìnrin kì í tẹ̀ lé òkú dé sàréè. Ọparun kò ju ọparun lọ lójú mi.

Kí ọyẹ́ tó máa fẹ́ wá láti orí àpáta, róòsì náà ti dé ṣóńṣó ọ̀pá, ó tanná funfun nini. Limota ń jó yí i ká. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn kàfúrà, tí mo sì rí i pé ọ̀pá náà ti kúrú. Memunat, ìyá ọkọ mi, ló dúró tì í tó ń já ewé ẹ̀fọ́. Obìnrin kúkúrú ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀. Orí rẹ̀ àti orí ọ̀pá ṣe déédéé. Mo rò pé òjò ló mú kí igi náà rì wọlẹ̀.

Òdòdó wọ̀nyẹn kò tíì rọ tí Màmá fi dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì, tí kò sì jí mọ́. Inú yàrá ni Alfa ti gé ọ̀pá tirẹ̀, èmi ni mo bá a dì í mú. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo wo ọ̀pá ọwọ́ mi, mo sì mọ ibi tí mo ti rí gígùn yẹn. Ẹ̀rù bà mí débi pé omijé gbẹ lójú mi.

Fọlákẹ́ gé èyí tó rọ bí Pius ti kọ́ ọ. Róòsì náà tún rúwé, ó tún yọ ìrudi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ wá ń wọ́ sílẹ̀ láti orí ọ̀pá, bí aṣọ tó gùn ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni ibà mú Limota. Wọ́n fún un ní oògùn ní ọsibítù, ibà náà lọ, ó tún padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òdòdó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ là, mo gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, kàfúrà gbá mi nímú. N kò fẹ́ gba ojú mi gbọ́. Mo yọ tépù tó wà lọ́rùn mi, mo nà án lára ọ̀pá náà láti ilẹ̀ dé òkè. Ẹ̀gún kan gún un, mo rọra tú u. Mo wọlé, mo ní kí Limota dìde dúró kí n wọ̀n ọ́n fún aṣọ Iléyá. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Mo na tépù náà láti àtàrí rẹ̀ dé gìgísẹ̀.

Bákan náà ni.

“Màmá Fatimah, ṣé aṣọ mi máa gùn?” ló bi mí.

Mo ní yóò gùn dáadáa. Mo jáde, mo sáré lọ sọ ọ́ fún Alfa Yínúsà.

Alfa Yínúsà kò fọwọ́ kan róòsì náà nígbà tí mo mú un dé ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ṣóńṣó ọparun náà pẹ́, ètè rẹ̀ ń mì.

“Ọ̀pá Bùsàrí nìyí,” ó wí jẹ́jẹ́. “Ojú ibi tí mo fi ọ̀bẹ gé nìyí. Kò sí ẹni tó tún gé e lẹ́yìn mi.”

Fọlákẹ́ wà lẹ́yìn wa. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹ̀gún, ó fa ọ̀pá náà tu. Ẹ̀gún ya á lára dé ìgùnpá, kò bojú wò ó. Alfa dá a sí méjì. Lọ́sàn-án yẹn náà ni òun àti ọkọ mi gbé e lọ sí ojú oórì Bàbá, wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, wọ́n dá ohun Bàbá padà fún un. Fọlákẹ́ fi àdá bẹ́ róòsì náà mọ́lẹ̀, ó wú gbòǹgbò rẹ̀, ó dáná sun ún.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Limota ní ebi ń pa òun. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo ti ń bu ẹ̀wà fún un. Ibà náà kò padà mọ́. Ẹ̀rín padà sínú ilé wa, koríko hù bo ibi tí róòsì wà, Iléyá sì ń sún mọ́lé.

Ìgbà Iléyá ni ìgbà iṣẹ́ wa. Aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù mi dé òrùlé, mo sì ń wọn ènìyàn láti àárọ̀. Alfa Yínúsà wá fi aṣọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan wọlé, ó dúró, ó fa imú. Èmi náà ti ń gbọ́ òórùn náà láti ọjọ́ díẹ̀. Mo ti sáré lọ wo ẹ̀yìnkùlé, koríko nìkan ni mo bá. Mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ imú mi ló ń yọ mí lẹ́nu lóòótọ́.

“Ìyá Fatimah,” ó pè mí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “O sọ fún mi pé ọ̀pá yẹn àti ọmọ yẹn ṣe déédéé. Kí lo fi wọ̀n wọ́n?”

Ọwọ́ mi ti dé ọrùn mi. Lára tépù náà, níbi tí ẹ̀gún ti gún un, nǹkan kékeré kan ti yọ síbẹ̀, ó rọ̀, ó tutù. Mo tẹ orí wò ó. Ó funfun.

Ọjọ́ tó ṣáájú ni mo wọn Limota tán. Òun ló kẹ́yìn nínú gbogbo ilé wa tí mo fi tépù náà wọ̀n.